Ewé Óòkù Tó Sọnù Nílé Àlùfáà

Ẹ sún mọ́ mi níbi iná yìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtàn tó dùn létí, tó sì ń dun ni lọ́kàn, ni mo mú wá.

Ewé kan ló sọnù. Ewé óòkù, igi ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi igi gbẹ́, tó wà lára ìtì àjà nínú ilé àlùfáà àtijọ́, ní abúlé wa ní Sussex. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ojú àpá lásán ló kù.

Ọlọ́pàá Pelling dé. Ó wo òrùlé koríko, ó wo ògiri amọ̀, ó wo ilẹ̀ ẹfun. Ó fa imú.

"Tester, ìwọ káfíńtà lo fẹ́ yọ ewé yẹn."

"Lọ́la ni mo fẹ́ yọ ọ́, Ọ̀gá! À ń tún ilé yìí ṣe bó ṣe wà látijọ́, ewé náà kì í sì í ṣe ti àtijọ́. Wọ́n ní kí n dáná sun ún. Ta ní í jí ohun tí wọ́n ti ní ká sun?"

Àlùfáà Hoadley ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Kí ni n ó tún jí i ṣe?"

Ìyá Wilfred, tó ń tọ́jú ilé náà láti ogún ọdún, gbá ìgbálẹ̀ mọ́ra. "Ẹ rọra tẹ ilẹ̀ mi o! Bàtà yín wúwo bí ẹsẹ̀ màlúù."

Pelling kúnlẹ̀. Nítòsí ògiri, ojú ilẹ̀ kan ṣì tutù. Ó ń rùn bíi wàrà kíkan.

Tester rẹ́rìn-ín. "Ológbò ló da wàrà nù."

"Ṣé ológbò ló lu ẹfun mọ́lẹ̀, tó tún fi wàrà kíkan pa á kó lè dán? Bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀ ilé yìí látijọ́ nìyẹn. Olè á gbẹ́ ilẹ̀, á sì sá lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ ló ń tún un ṣe." Ó yíjú. "Ìyá, ta ló ń tún ilẹ̀ yìí ṣe?"

Ìgbálẹ̀ já bọ́.

"Èmi ni. Mo gun àga, mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́, mo sin ín síbẹ̀. Wilfred mi ló gbẹ́ ewé yẹn kó tó lọ sógun. Ilẹ̀ Faransé gbé e mì, wọn ò rí eegun kan fún mi sin. Ẹ wá fẹ́ sun èyí tó kù?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́jẹ́:

*Ewé mi já, kò padà sígi o,*
*Ẹ má jẹ́ n pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.*

Àlùfáà ṣí fìlà. "A ò ní hú u." Ó sì ka àdúrà ìsìnkú Wilfred níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti kú. Tester fúnra rẹ̀ ló bu wàrà kíkan tó kù, ó rọra fi pa ojú ilẹ̀ náà.

Ìyá Wilfred gé búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún gbogbo wa ará abúlé tó wá wòran. A jẹ, a yó, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Òun nìkan ni kò tíì lọ. Ó ní ilẹ̀ ọmọ òun kò tíì gbẹ.