Èémí Atúnaagoṣe

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà níwájú ilé ìwòsàn àyà náà. Ọkùnrin náà dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gùn ún tán. Bó bá ti dúró, a di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, a wo ojú ọ̀run bí ẹni ń retí òjò, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èémí ló ń wá.

Nọ́ọ̀sì tó ń wò ó lójú fèrèsé mọ̀. Èémí ni ọkọ tirẹ̀ náà wá títí, tí kò rí i mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà.

Atúnaagoṣe ni ọkùnrin náà, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun. Lọ́jọ́ mìíràn, kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Aago ara ògiri yín ń fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án purọ́," ló kọ́kọ́ sọ.

"Èémí yín la fẹ́ wọ̀n, bàbá. Ẹ fi aago wa sílẹ̀."

"Ta ni bàbá? Èmi ni mo bí yín?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ó yá, ẹ fọn ọ́n! Fọn, fọn, fọn, ẹ má dúró!"

Ó fọn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èémí, ó wúkọ́. "Ṣé bí ẹ ṣe ń jágbe mọ́ ọkọ yín nìyí?"

"Mi ò ní ọkọ." Nọ́ọ̀sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kò gbójú sókè.

Ọkùnrin náà rọra gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. "Ẹ forí jì mí," ló wí.

Wọ́n fún un ní oògùn ìyẹ̀fun, èyí tí wọ́n ń fi ẹnu fà láti inú ike kékeré lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Láti ìgbà náà, ó ń wá lóṣooṣù, ó sì máa ń dé ṣáájú àkókò. Nígbà kan, ó wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín."

"Ti aago yín ni mo bá wá. Àìsàn tirẹ̀ ju tèmi lọ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà kẹ́yìn.

Nígbà tí oṣù kẹta pé, dókítà gbé ìwé kan jáde. Ìlà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́ orí, ikọ́, agbára èémí kí aláìsàn tó fa oògùn àti lẹ́yìn tó fà á tán, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ro àwọn nọ́ńbà náà pọ̀, ìwé á fi ẹni tí oògùn fífà kò ní ràn lọ́wọ́ hàn. Bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn á dá oògùn náà dúró. Ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe fún un kò pọ̀.

Nọ́ọ̀sì ló rò wọ́n pọ̀. Òun náà ló fi bírò pupa kọ orúkọ atúnaagoṣe.

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ ti fà sí ọkùnrin náà. "O ti sin ọ̀kan," ló wí. "Ṣé iṣẹ́ ìsìnkú lo fẹ́ kọ́ ni?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ ẹkún rẹ. Ògiri kan ló wà láàárín wa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà láti dágbére. Ó bá a lẹ́nu iṣẹ́, awò lójú rẹ̀ kan, ẹ̀mú kékeré lọ́wọ́. Ó fi gbé nọ́ọ̀tì kan tí kò tó ẹyin èèrà.

Bó ti mọ́ nọ́ọ̀sì lára, ó ń ka èémí rẹ̀. Kò rí nǹkan kan kà. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò.

"Ẹ kì í mí ni?"

"Bí mo bá mí, nọ́ọ̀tì á fò lọ. Ogójì ọdún ni mo ti ń mí báyìí. Ẹ wọlé."

"Níbo loògùn yín wà? Ẹ fà á kí n rí i."

Ó fà á bó ṣe ń mí, jẹ́jẹ́, bí olè. Nọ́ọ̀sì gba ike náà, ó ṣí i. Ìyẹ̀fun ṣì wà níbẹ̀; oògùn náà kò dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì jókòó. Oṣooṣù ló yẹ kó máa wo bó ṣe ń fà á. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi àkókò náà ṣe.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ló wí. Ó sọ ti bírò pupa fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ọkùnrin náà yọ awò lójú. "Ohun tẹ́ ẹ wá sọ nìyẹn?"

"Ìdágbére ni mo wá ṣe."

"Ẹ ti ṣe é tán?"

"Rárá. Ẹ fa oògùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fà á bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé, dókítà fún ọkùnrin náà ní oṣù mẹ́ta sí i. Nígbà tó pé, nọ́ńbà rẹ̀ sàn, àmọ́ kì í ṣe púpọ̀. Dókítà kò tàn wọ́n: ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ kì í di tuntun. Ó fi bírò dúdú tún orúkọ rẹ̀ kọ.

Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Ó lè má pẹ́," ni atúnaagoṣe wí. "Mi ò fẹ́ sọ yín dopó lẹ́ẹ̀kejì."

"Mo ti jẹ́ opó rí. Kò pa mí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé ló fẹ́ẹ̀ pa mí."

"Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

"Ẹ kọ́kọ́ yé pè mí ní 'ẹ'. Ọkọ mi kò gbọdọ̀ máa bá mi sọ̀rọ̀ bíi dókítà."

"Ṣé wàá fẹ́ mi, ayọ̀ mi?"

"Màá fẹ́ yín."

Nọ́ọ̀sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń ká aṣọ. Ó ká mẹ́rin kó tó fọhùn.

"Ṣé ó ń hanrun?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Bó bá ń hanrun, má ṣe jí i. Wàá máa gbọ́ pé ó wà."