Òwú Tí Treasure Dá Kọjá

"Dúróríkẹ́, jọ̀ọ́, kí ni Bàbá máa ń fẹ́? Ìwọ lọmọ Ìsẹ́yìn."

Treasure ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú ilé ìdáná, níbi tí Dúróríkẹ́ ti ń se wàrà tí ìyá rẹ̀ ń tà. Bàbá Adéwùmí, tó ní ilé òfì ńlá tí wọ́n ti ń hun aṣọ ládùúgbò wọn, ń wá ọmọbìnrin kan síṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ní kí wọ́n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ kejì.

Dúróríkẹ́ ti igi sábẹ́ ìkòkò. Láti ìgbà tí ìyá Treasure, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti mú un wá láti Ìbàdàn, ni Treasure ti sọ ọ́ ní "Wàrà Kíkan" níwájú gbogbo kíláàsì. Orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀ títí wọ́n fi jáde ìwé. Ojoojúmọ́ ló ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Òórùn tí kò sí níbẹ̀ ló ń fọ̀.

"Ṣé òórùn wàrà ò ní pa ọ́ níbi tó o jókòó sí yẹn?"

Treasure rẹ́rìn-ín. "O ṣì rántí ìyẹn? Eré la ń ṣe nígbà yẹn."

Eré. Dúróríkẹ́ yíjú sí i.

"Ó dáa," ló wí. "Bàbá ò fẹ́ràn ojo. Wàá rí òwú tí wọ́n ta gbọọrọ sílẹ̀ níwájú òfì. Dá a kọjá, kó o lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. Ẹni tó bá yí ká, wọ́n á ní kò láyà."

Irọ́ ni. Ládùúgbò wọn, láti kékeré ni wọ́n ti ń na ọmọ tó bá dá òwú ahunṣọ kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, Treasure ló ṣáájú. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó gbẹ́sẹ̀. Bàtà rẹ̀ kọ́ òwú, òwú sì já yányán. Àwọn ahunṣọ dáwọ́ dúró.

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?" Bàbá bi í.

"Ẹni yìí ni, sà. Ó ní bẹ́ẹ̀ lẹ ń fẹ́."

Bàbá yíjú sí Dúróríkẹ́. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Ó máa ń pè mí ní Wàrà Kíkan, Bàbá."

"Ìyẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ iṣẹ́ tí mo pè yín sí? Àwọn àlejò tó ń wá kọ́ aṣọ híhun lọ́dọ̀ wa, ẹni tó máa fọ̀nà hàn wọ́n ni mò ń wá. Ìwọ ni mo ti fi sọ́kàn, torí o mọ gbogbo ẹ̀. Máa lọ sílé."

Bó ṣe ń jáde, ó gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún Treasure pé, "Ìwọ, jókòó. Òwú tó o já yìí ni wàá kọ́kọ́ so."

"Dúróríkẹ́," Treasure pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe orúkọ rẹ̀ gangan níwájú èèyàn. Dúróríkẹ́ ò wẹ̀yìn. Ó ti yé e báyìí: Treasure ló bà á lórúkọ jẹ́ nílé-ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀san gbé e fún Treasure. Ẹni tó bá fi ohun tó mọ̀ ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, ta ló tún máa gbà á gbọ́?