Àtẹ́wọ́ fún Clement Hobday

Nell Ramsden kan ilẹ̀kùn yàrá ìmúra náà títí, kò gbọ́ ìdáhùn, ó bá rọra tì í wọlé. Clement Hobday jókòó síwájú dígí, ó fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn. Ó ti fi àtíkè kun apá kan ojú rẹ̀. Apá kejì ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kò bojú wẹ̀yìn. Inú dígí ló ti ń wo ọmọbìnrin náà.

"Ta ló ní kí o wọlé?" Ohùn náà lọ sílẹ̀, ó sì tutù. Kì í ṣe ohùn tí Nell mọ̀ mọ́ ọn.

"Èmi ni, Bàbá Clem. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ó ku díẹ̀ kí a bẹ̀rẹ̀."

"Mo ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ. Mo ní ẹni tó bá tún rán sí mi, ẹ̀yìn ọgbà ni màá sin ín sí."

Nell bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yìí fẹ́ràn àwàdà. Ó lè sọ ara rẹ̀ di àlùfáà níbi tí wọ́n ti ń tò gba tíì, kó máa súre fún bisikíìtì àwọn èèyàn.  Ṣùgbọ́n Nell rí ojú rẹ̀ tó ń wá nǹkan kiri inú dígí tí kò rí i. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọmọbìnrin náà lẹ́nu.

Nígbà tó ṣe, bàbá náà ṣẹ́jú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Nell," ni ó wí. "Ìwọ nìyẹn. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ìlú wo la wà?"

"Thornsea ni, sà."

"Thornsea." Ó tún un pè bí ẹni ń tọ́ oúnjẹ wò. "Àti eré wo?"

Kò sí ilé tó ní tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò mọ ojú Clement Hobday. Òun ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́pàá. Òun ni dókítà tó ń mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Òun ni adájọ́, òun ni àlùfáà abúlé, òun náà sì ni apànìyàn tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Imú rẹ̀ wọ́, àgbọ̀n rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì jìn bíi kànga. Ojú yìí ni gbogbo èèyàn mọ̀, wọn ò mọ orúkọ. Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá ń jáde lẹ́yìn eré, olúkúlùkù ti dìde lọ gbé omi tíì kaná. Wọ́n á dá a dúró níbùdókọ̀ pé ṣé kì í ṣe òun ló kọ́ ẹ̀gbọ́n àwọn ní ìṣirò, òun náà á sì ní òun ni, ẹ bá òun kí i.

Kò bínú sí i rí. "Àwọn tó ń ṣe olórí eré máa ń darúgbó, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn," ni ó máa ń sọ. "Èmi, láti kékeré ni mo ti ń ṣe arúgbó. Kí ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi?"

Nell jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó kù díẹ̀ kó parí ilé ẹ̀kọ́. Inú ìlú níbẹ̀ ni wọ́n ti yàn án láti ṣe ọmọ-ọmọ bàbá náà nínú eré tí ilé tíátà etíkun ń ṣe. Ìtàn olùṣọ́ ilé iná ni, àwọn ilé gíga tí iná wọn máa ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi. Olùṣọ́ yìí darúgbó, iyè rẹ̀ ra, kò sì mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi igi kan ilé gogoro kan sórí ìtàgé, ó ní àtẹ̀gùn, ó sì ní pèpéle lókè tí irin tí wọ́n fi gbà á yíká kò ga ju orúnkún lọ. Orí pèpéle yẹn ni bàbá náà máa ń dúró sí lápá ìparí, tí Nell á sì máa pè é láti ìsàlẹ̀.

Clement ló kọ́ Nell ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dúró lójú kan tí kò ní máa fi ọwọ́ wá ohun tí yóò dì mú. Ó kọ́ ọ láti máa gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ, kì í ṣe kó kàn máa dúró de ìgbà tí yóò kan òun. Bàbá Nell ti kó lọ sí ìlú mìíràn láti ìgbà tó wà ní kékeré, nítorí náà nígbà tí arúgbó yìí bá pè é ní "ọmọ mi", ó máa ń wọ̀ ọ́ lára.

Ìdí nìyẹn tó fi jókòó tì í lọ́jọ́ tí bàbá bi í léèrè ìlú tí wọ́n wà.

"Má sọ fún Brenda," ni Clement bẹ̀ ẹ́. Brenda ni alábòójútó ìtàgé, obìnrin tí kò sí ìṣó kan nínú ilé náà tí kò mọ̀. "Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ògiri nìkan ló kù tí màá máa wò nílé. Ṣèlérí fún mi."

Nell ṣèlérí. Ìfẹ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Obìnrin kan tó ń wá àwọn ọ̀dọ́ òṣèré fún eré tẹlifíṣàn ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo eré ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn. Bí bàbá bá kúrò, eré á dúró. Bí eré bá dúró, kí ni obìnrin náà fẹ́ wá wò?

Láti ọjọ́ náà ni Nell ti ń fi ọ̀rọ̀ sí Clement lẹ́nu. Á gbé orí lé èjìká rẹ̀ bí ọmọ tó ń fẹ́ ìtùnú, á sì sọ ọ̀rọ̀ tó kàn sí i létí. Bí ó bá gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró sí, á di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn bàbá á kàn dúró láàárín ìtàgé, á máa wo àwọn èrò pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣìnà ní ọjà, gbogbo ilé á sì pa rọ́rọ́. Àwọn èèyàn á máa nu omijé. Ìwé ìròyìn ìlú kọ ọ́ pé àwọn ò tíì rí òṣèré tó mọ ìgbàgbé ṣe bí èyí rí.

Bí iyè rẹ̀ ṣe ń ra sí i ni àtẹ́wọ́ ń le sí i. Nell á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn á jọ tẹríba, àtẹ́wọ́ náà á máa rọ́ lù wọ́n bí òjò lórí páànù, ara ọmọbìnrin náà á sì tutù nini. Òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Brenda pè é sẹ́yìn aṣọ ìkélé lọ́jọ́ kan.

"Nell, ṣé kò sí nǹkan kan tó yẹ kí n mọ̀ nípa Clem?"

"Kò sí, Àǹtí Brenda."

"Mo rí i pé ò ń sọ̀rọ̀ sí i létí."

"Ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó ń jẹ́ kí eré náà dà bí òótọ́."

Brenda wò ó lójú. "Ó dáa," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé wàá sọ fún mi bí ó bá wà." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó yà Nell lẹ́nu bí irọ́ náà ṣe rọrùn tó.

Ní ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, kùrukùru gba orí òkun títí tí èèyàn ò fi lè rí òpin afárá ìgbafẹ́ tó wọnú omi. Nell tètè dé. Ó bá Clement ní ìdí ilé gogoro náà, ó gbójú sókè, ó ti wọ ẹ̀wù olùṣọ́.

"Ṣé Harry ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà?" ni ó bi í.

"Harry wo, sà?"

"Harry náà. Mi ò lè bẹ́ tí kò bá tẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tẹ́ ẹ sápá òsì, ìgbọ̀nwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀."

Nell fi sùúrù bi í, ó sì wá yé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Clement wà ní ọ̀dọ́, ilé tíátà yìí kan náà ló ti ṣe sójà kan tó máa ń bẹ́ láti orí odi sílẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì tó nípọn á sì gbà á lẹ́yìn òkúta tí wọ́n fi páálí ṣe. Harry ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Harry ti kú kí wọ́n tó bí Nell.

"A kì í bẹ́ nínú eré yìí, Bàbá Clem. Ẹ kàn máa dúró lókè ni, ẹ̀ẹ́ wá gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀."

"Mo mọ̀," ni ó dáhùn kíá. Ṣùgbọ́n ó tún gbójú sókè, ó ń fi ojú wọn bí ó ṣe ga tó.

Nígbà tí Nell ń lọ sílé ní etí òkun, fèrè tó ń kìlọ̀ fáwọn ọkọ̀ ń ké nínú kùrukùru. Ó yọ fóònù, ó kọ ọ́ sí Brenda pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín nípa Bàbá Clem." Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó wá pa á rẹ́. Ó kàn ku Sátidé ni, ni ó sọ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn Sátidé màá sọ gbogbo rẹ̀.

Sátidé dé, èrò kún ilé. Obìnrin tẹlifíṣàn náà jókòó sí ìlà kẹta pẹ̀lú ìborùn pupa. Nell ò tíì ṣeré tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Clement náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan títí tó fi gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ọkàn Nell sì ti ń balẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Nell pè, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú eré. "Èmi ni. Ọmọ yín ni."

Ó yẹ kí bàbá dáhùn pé, "Mi ò ní ọmọ." Kò sọ ọ́. Ó gun etí pèpéle, ó nàró ṣánṣán bí ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sì fi ohùn tó mì ilé náà sọ pé, "Ẹ má yìnbọn! Mò ń bọ̀!"

Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá irin.

Àwọn èrò mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nell rí ojú wọn: inú wọn ń dùn. Obìnrin oníborùn pupa náà ti fi ara síwájú lórí àga. Nell mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, gbogbo rẹ̀ parí. Ó dúró. Kò pẹ́ ju ìmí kan lọ, ṣùgbọ́n ó dúró.

Lẹ́yìn náà ló pariwo. "Clement! Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀! Harry ò sí níbẹ̀! Àǹtí Brenda, ẹ fa aṣọ ìkélé, ẹ gbà mí!"

Ó sáré gun àtẹ̀gùn, ó sì di ẹ̀wù bàbá náà mú lẹ́yìn. Clement yíjú, kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀tá ló rí. Ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ tì í. Nell yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn dé ilẹ̀, ó sì gbọ́ ìgbà tí egungun ọwọ́ rẹ̀ dá. Ohun tó rí kí ojú rẹ̀ tó ṣú ni Brenda tó ti gba ẹ̀yìn gun òkè, tó gbá bàbá náà mọ́ra láti ìbàdí, táwọn méjèèjì sì jọ jókòó lulẹ̀ lórí pèpéle. Níwájú ìtàgé, àwọn kan ṣì ń pàtẹ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn, Brenda wá jókòó tì í. Kò pariwo.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Mo bi ọ́, Nell. Ojú rẹ ni mo wò tí mo bi ọ́." Ó dìde. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé o ké nígbà tó o ké. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ti pẹ́ jù."

Judith, ọmọbìnrin Clement, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun Nell jù. Ojú rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀. "Èmi ò mọ nǹkan kan," ni ó wí. "Ó ń sọ fún mi lórí fóònù pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ká ní mo mọ̀ ni, màá ti wá. Ó ṣì mọ orúkọ àwọn ọmọ mi nígbà yẹn. Ó ṣì lè bá wọn ṣeré. Báyìí, kò mọ̀ wọ́n mọ́."

Eré parí síbẹ̀. Obìnrin tẹlifíṣàn náà kò pe Nell, Nell náà kò sì retí rẹ̀.

Nígbà tí òtútù lọ, tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ Nell tó dá, Judith gbà kó wá kí bàbá náà. Ó bá a nínú ọgbà, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kí Nell tọ̀yàyàtọ̀yàyà bó ṣe ń kí àlejò.

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ, tó rí tínrín bẹ́ẹ̀?"

"Mo ṣubú lórí ìtàgé, sà."

"Òṣèré ni ọ́! Sọ ọ́ fún mi."

Nell sọ ọ́. "Bàbá àgbàlagbà kan ń bá mi ṣeré. Kò mọ ibi tó wà mọ́. Èmi mọ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó bẹ̀ mí. Torí mo ń wá iṣẹ́ pẹ̀lú."

Clement gbọ́ ọ láìmira, láìwá ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà á?" ni ó béèrè.

"Ó ń bà á gan-an."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, sà."

"Kí ló wá dé tí o fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn?"

 Gbogbo àkókò náà, Nell rò pé òun wà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ó di ọwọ́ bàbá náà mú, bàbá náà sì jẹ́ kó dì í mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ẹni tó jẹ́. Ohun tí Nell mú kúrò nínú ọgbà yẹn kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí dòní: àṣírí tó lè pa ẹni tó ni ín kì í ṣe àṣírí tí à ń bá èèyàn pa mọ́. Bí ẹni tí a fẹ́ràn bá ń ṣàìsàn, tó sì bẹ̀ wá pé ká dákẹ́, ká wá ẹni tó lè gbà á là, kí a sì sọ̀rọ̀, kódà bí yóò bínú sí wa, kódà bí ohun tí àwa náà ń retí yóò bá bọ́ lọ́wọ́ wa. Kí a sì tètè sọ ọ́.