Ẹ̀gbà Ọwọ́ Indubai

"Màmá, àwọn ẹ̀gbà yìí gbọ́dọ̀ kúrò." Nọ́ọ̀sì ń fi ọṣẹ pa ọwọ́ òsì Indubai, ìyàwó mi. Ẹ̀gbà dígí mẹ́sàn-án ni, àwọ̀ ewé. Ọwọ́ náà ti wú, wọn kò gba orí àtàǹpàkò kọjá. "A ó kúkú fọ́ wọn."

"Fọ́ kí ni?" Mo dìde. "Ṣé mo ti kú ni?"

Ní Solapur wa níbí, nílẹ̀ Íńdíà, opó nìkan ni wọ́n ń fọ́ ẹ̀gbà rẹ̀. Bí ti abilékọ bá tilẹ̀ ṣèèṣì fọ́, "ẹ̀gbà ti pọ̀ sí i" là ń wí.

Dókítà wọlé, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ní iṣan tí wọ́n fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ lọ́kàn Indubai lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àyà òsì ni wọ́n ti mú un. Ọrùn ọwọ́ òsì ló sún mọ́ ọn jù láti ki ọ̀pá tín-ínrín wọlé, kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ti dí.

"Ẹ gba itan," ni mo wí.

"Ó ṣeé gbà, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ máa ń dà níbẹ̀ ju ti ọwọ́ lọ. Wọ́n ti gba ibẹ̀ rí, àbí? Kò sí wàhálà?"

Ó yíjú sí Revati, ọmọ-ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó bá wa kọ fọ́ọ̀mù. Revati mọ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ itan yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Indubai nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Títí dòní, n kì í kí dókítà tó ṣe é.

Mo tẹjú mọ́ ọmọ náà. Ó sorí kọ́.

"Kò sí wàhálà kankan, Dókítà," ni Revati wí.

Wọ́n gba itan. Wọ́n ya àwòrán náà tán, wọ́n gbé Indubai padà sórí ibùsùn. Iṣan náà ti fẹ́ dí, wọn yóò padà wọlé lọ là á.

Kò pẹ́ ni Indubai wí jẹ́jẹ́ pé, "Revati, kí ló dé tí ibùsùn mi tutù báyìí?"

Revati ká aṣọ. Pupa ni gbogbo abẹ́ rẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa!" Ó figbe ta. "Ẹ̀jẹ̀ dà nígbà yẹn náà! Bàbá àgbà ló ń wò mí!"

Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wọlé, wọ́n fi gbogbo ara tẹ itan náà. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí i lára kí ètè rẹ̀ tó pọ́n padà.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n fẹ́ padà wọlé, Revati fi táwẹ̀lì wé ọwọ́ òsì ìyá rẹ̀ àgbà. Kò wò mí.

"Màmá àgbà, ṣé kí n sọ wọ́n di púpọ̀?"

"Fọ́ wọn, jàre. Bí bàbá àgbà rẹ bá fẹ́ kú, kó máa gbé ojú burúkú ẹ̀ lọ."

Mo ka ìró mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo jókòó, mo ń retí ikú.

Wọ́n gba ọrùn ọwọ́, wọ́n la iṣan náà. Kò pé wákàtí méjì tí wọ́n parí tí Indubai fi dìde jókòó, ọ̀já tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà le pinpin lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì mu tíì.

Oṣù mẹ́jọ rèé, n kò kú. Dókítà àtijọ́ yẹn, n kò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ojú pa ọmọ lẹ́nu mọ́, ta ni yóò dárí jì mí?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tiwa kò pé wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ, bí àgbà bá fi ojú rán yín ní irọ́ níwájú dókítà, ẹ gbójú kúrò, kí ẹ sọ òótọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ àgbà.