Ẹni Tó Fẹ́ Gba Obìnrin Mọ́kànlá Síṣẹ́

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n bá òkú ọ̀gá ìgbanisíṣẹ́ lábẹ́ àpótí irin mẹ́ta nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sórí sìmẹ́ńtì. Àtìrọ̀lẹ́ àná ló ti kú. Ọkọ̀ tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù ṣì dúró tì í, ìka náà nà sórí òkú. Háà, ikú oró!

Obìnrin kan ló ń wa ọkọ̀ ọ̀hún, obìnrin àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ fi sídìí ẹ̀rọ. Olóògbé ló gbà á. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin mọ́kànlá mìíràn ń bọ̀, owó oṣù kan náà pẹ̀lú ọkùnrin.

"Tó bá jẹ́ òun ló pa á," máníjà wí, "mọ́kànlá yẹn ò ní wọlé mọ́."

Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Farabalẹ̀ ti gun orí ọkọ̀. Ó ń wo bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣí láìjẹ́ pé awakọ̀ de bẹ́líìtì mọ́ra. Ó ránṣẹ́ pe obìnrin náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

"Ìgbà wo lo gbé ọkọ̀ sílẹ̀?"

"Aago márùn-ún àná, sà. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ní ọ́fíìsì fọ́máànù, mo sì gba ilé lọ."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún mi níṣẹ́ tí mo fi ń tọ́ ọmọ, kí n wá pa á? Ẹ gbà mí o! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Jókòó, kó o de bẹ́líìtì."

Ó dè é. Bẹ́líìtì fẹ̀ gbàlàjà sórí itan rẹ̀. Ó yanu. "Ta ló tú u tó báyìí? Èmi máa ń fún un mọ́ra ni."

Wọ́n pe fọ́máànù, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun tó tẹ̀ lé e.

"Bá a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn," ó ní, "ṣùgbọ́n mo ti sọ tipẹ́ pé ẹ̀rọ kì í ṣe nǹkan obìnrin."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo wà á kẹ́yìn?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Ó dáa. Bá mi jókòó síbẹ̀."

Ó jókòó, ó de bẹ́líìtì. Ó bá ikùn rẹ̀ mu wẹ́kú, bíi pé télọ̀ ló wọ̀n ọ́n fún un.

"Ẹni tó sanra bíi tìẹ ló wà á kẹ́yìn," ni Farabalẹ̀ wí. "Mo ti rí àwọn ọkùnrin yòókù tó mọ̀ ọ́n wà, kò sí èyí tó níkùn nínú wọn. Ọ́fíìsì rẹ ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Ìdí rẹ̀ nìkan ló rú mi lójú, àfìgbà tí mo rí orúkọ àwọn mọ́kànlá lápò olóògbé. Ìyàwó rẹ ni ẹni kẹta, wọ́n kọ orúkọ ìwọ ọkọ rẹ̀ sí i."

Fọ́máànù bú sẹ́kún. "Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ́, ó kọ̀! Owó tó ń wọlé fún mi ló fẹ́ máa wọlé fún ìyàwó mi. Ṣé á tún pè mí lọ́kọ?" Ó kúnlẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, sà. Ta ni yóò bọ́ wọn?"

Farabalẹ̀ kọjú sí máníjà. "Ṣé àwọn mọ́kànlá ń wọlé lọ́jọ́ Ajé?"

Máníjà sorí kọ́. "Wọ́n ń wọlé."

Ìsípẹ́kítọ̀ kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí fọ́máànù lọ́wọ́.

"Ìyàwó rẹ ni yóò bọ́ wọn," ó ní. "Ẹni tó o pa ti fún un níṣẹ́."