Ọkùnrin Tí Ó Ti Omi Mọ́lé

Bí ìwé pélébé yìí bá bá ọ níbi tí o ti dá jókòó, má ì tíì jù ú nù. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn dá jókòó. Lábọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ abúlé kan ní agbègbè Odomèta, nílẹ̀ Kétu.

Lábọ̀dé kò fẹ́ jogún bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n bí ìwà ibi mọ́ ọn. Ayédèrú oògùn ni Cyriaque, bàbá rẹ̀, ń kó gba ọ̀nà igbó wọlé láti òdìkejì ibodè, tí ó ń pín in fún àwọn tí ń tà á káàkiri ọjà. Ẹfun lásán ni òmíràn nínú rẹ̀. Cyriaque pàápàá, ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ni ó ti gba ọ̀nà igbó náà. Gbogbo abúlé ló mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Cyriaque mọ bí a ti ń fi kùmọ̀ pa ẹnu ènìyàn dé.

Nígbà tí Lábọ̀dé di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sá kúrò nílé, ó lọ sí Àjàṣẹ́ láti kọ́ṣẹ́ àwọn tí ń jó irin. Òun àti Bienvenu, ọmọ Kétu bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Orí ẹní kan ni wọ́n ń sùn, ilé ìsìn kan ni wọ́n ń lọ. Lábọ̀dé mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ilẹ̀kùn tí ó bá jó, olè á wò ó títí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó fẹ́ Huguette, wọ́n bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n sọ ní Sandra. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀, á ní, "Àgbẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Cyriaque dè. Rodolphe, àbúrò Cyriaque, ló pe Lábọ̀dé lórí fóònù.

"Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni bàbá rẹ bí," ó ní. "Ta ni o fẹ́ ká fi ilé yìí lé lọ́wọ́?"

Lábọ̀dé yí ojú sí aya rẹ̀. "Títí ara Bàbá á fi yá ni o," ó ní. "A ò ní pẹ́."

Ọ̀rọ̀ dídùn ni "a ò ní pẹ́." Ọ̀pọ̀ ọkàn ló ti bá a lọ sí ìparun.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé abúlé, fóònù nìkan ni Lábọ̀dé ń gbé. Ẹnu Cyriaque ti wọ́, àwọn oníbàárà kò gbọ́ ohun tí ó ń wí mọ́, nítorí náà ọmọ á tẹ́tí sí bàbá, á sì tún un sọ. Ó ń sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé, "Èmi kọ́ ni mò ń ṣe é, ẹnu ni mo kàn ń yá Bàbá." Nígbà tó yá, ó bá wọn dé ojú ọ̀nà. Nígbà tó tún yá, òun ló ń pín ẹrù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí wọ́n tó wa iṣu ọdún náà tán, Táòfíkì, ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi alùpùpù kó ẹrù, wá sọ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ máa gbin àgbàdo. Lábọ̀dé kàn mi orí sí Rodolphe, wọ́n sì dá Táòfíkì lẹ́sẹ̀. Lábọ̀dé kò lè jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ó jẹun.

Cyriaque kú. Wọ́n sin ín tán, Huguette di ẹrù.

"Bàbá Sandra," ó ní, "Pápá ti sinmi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Àjàṣẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀rùn yìí nìkan," ni Lábọ̀dé wí.

Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn náà, ibà mú Sandra. Huguette wọ yàrá ẹrù, ó mú páálí kan jáde nínú oògùn ibà tí ọkọ rẹ̀ ń pín, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ fún ọmọ yín lò."

Ọwọ́ Lábọ̀dé kò kúrò lórí itan rẹ̀. Huguette pọn ọmọ rẹ̀, ó pe zẹ́mì kan, alùpùpù akérò, ó gùn ún lọ. Kò padà wá mọ́.

Wàyí o, ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Kétu kò ní mọ ohun tí omi jẹ́ fún wa. Omi jìn nílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga, ó lè sú ẹni tí ń gbẹ́ ẹ kó tó kan omi. Nítorí náà, ẹni tó bá kan páànù sórí ilé á gbẹ́ kòtò sí àgbàlá, á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀, á darí òjò sínú rẹ̀, òun náà ni wọn yóò máa mu títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi lọ. Ní abúlé ti Lábọ̀dé, ẹnikẹ́ni kì í ti kòtò omi. Ẹni tí tirẹ̀ bá gbẹ á wọ àgbàlá aládùúgbò, á kí onílé, á sì fami tirẹ̀. A ní omi ò lọ́tàá. Cyriaque burú, àmọ́ kò ti omi rí. Kòtò méjì ló wà ní àgbàlá rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti ń mọ́, ohùn àwọn obìnrin tó wá pọnmi ni yóò jí gbogbo ilé.

Àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàrá kiri ní agbègbè náà. Lábọ̀dé bá fami inú kòtò kan gbẹ, ó to páálí oògùn kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá ń bà á pé apọnmi kan lè ṣèèṣì ṣí èyí tí kò yẹ. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó fi irin ṣe ìdérí fún kòtò méjèèjì, ó jó géètì sẹ́nu àgbàlá, ó ti gbogbo rẹ̀ pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Iṣẹ́ tí ó fi òógùn ojú kọ́ ní Àjàṣẹ́ ló fi ti omi mọ́lé.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹsẹ̀ kò tẹ àgbàlá rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí ń kí i kú ilé. Bó bá kí ènìyàn lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ni olúwarẹ̀ á máa wò dá a lóhùn. Obìnrin kan tó háyà ló ń se oúnjẹ fún un, ẹnu géètì ló sì ń gbé e sí. Lábọ̀dé á dá a jẹ. Á yí rédíò sókè, kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ohùn ènìyàn ṣáà wà nínú ilé ni. Àárò ènìyàn ń sọ ọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ ju bí ó ti lè jẹ́wọ́ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Ìyá Sidonie ni, opó arúgbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tirẹ̀. Ojú Ìyá kò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí ìyá Lábọ̀dé kú, tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ọwọ́ Sidonie ló ti ń jẹun. Lójoojúmọ́ ni Ìyá á tọ ògiri wá sẹ́nu géètì.

"Lábọ̀dé! Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá," ni yóò dáhùn láti inú ilé. Kì í jáde. Kì í ṣí i.

Ọjọ́ ọyẹ́ kan, lẹ́yìn tí oòrùn yẹ̀ àtàrí, àwọn ọdẹ tí ń finá lé òyà kò lè káwọ́ iná mọ́. Atẹ́gùn gbé e sórí aká àgbàdo Ìyá Sidonie, ó ti ibẹ̀ ran ilé. Àwọn ènìyàn sáré sí omi tó sún mọ́ wọn jù, ìyẹn ti Lábọ̀dé. Wọ́n ń lu géètì.

"Lábọ̀dé! Ṣí omi fún wa! Iná ń jó Ìyá!"

Lábọ̀dé wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣí géètì, wọn kò ní béèrè èwo ni èwo. Kòtò tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé ni wọn yóò ní kí òun ṣí, àṣírí ilé á sì tú. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Wọ́n á rí omi níbòmíràn." Wọ́n fi ọkọ́ lu géètì, wọ́n fi ọmọ odó gún un. Géètì kò mì, nítorí ẹni tó jó o mọṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo náà sún kúrò lẹ́nu géètì lọ sápá ilé Ìyá. Lábọ̀dé rọra jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Wọ́n gbé Ìyá jáde láàyè, ṣùgbọ́n iná ti jó o kọjá ohun tí ara lè gbà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń fi Lábọ̀dé ré, Ìyá kò sì gbà fún wọn.

"Ẹ má bú u mọ́," ó ní. "Kò sí nílé ni. Lábọ̀dé tí mo fọwọ́ ara mi bọ́? Bó bá wà nílé, á ṣí i."

Ní ọjọ́ kẹta, Lábọ̀dé lọ kí i. Ìyá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n.

"Ṣé o ti jẹun?" ó bi í. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má dá wọn lóhùn. Mo mọ̀ pé o ò sí nílé, mo sì ti sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá," nìkan ni Lábọ̀dé sọ. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, Ìyá Sidonie ti dákẹ́.

Lábọ̀dé gun alùpùpù, kò sì mọ ibi tí òun ń lọ títí ó fi bá ara rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Bienvenu, ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ṣí sí ìlú Kétu. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Bienvenu pa iná iṣẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fa bẹ́ǹṣì fún un. Lábọ̀dé sọ ohun gbogbo, láti orí fóònù tí ó kọ́kọ́ gbé títí dé orí géètì.

"Mo máa fi í sílẹ̀," ó ní. "Bá a bá ti sin Ìyá tán, mo máa fi í sílẹ̀."

"Lábọ̀dé, o ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti ṣubú. Ẹ̀ṣẹ̀ ò ní ọjọ́ tó ń fẹ̀yìn tì."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún bí ọmọdé. "Ta ló fẹ́ dárí jì mí? Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti kú."

"Jésù náà kú," ni Bienvenu wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ yìí gan-an ló kú fún. Àmọ́ ó jíǹde, ó sì wà láàyè lónìí láti dárí rẹ̀ jì ọ́. Òun ni kó o bá sọ̀rọ̀, má bá mi sọ ọ́."

Lábọ̀dé kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àjákù irin. Kò mọ àdúrà kan tó gùn. "Jésù," ó ní, "mo wà nílé. Mo gbọ́ wọn. Ṣàánú mi."

Wọ́n sin Ìyá ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń da erùpẹ̀ sí i, Lábọ̀dé bọ́ síwájú. Rodolphe di apá rẹ̀ mú. "Dákẹ́! Ṣé o fẹ́ tú ilé bàbá rẹ ni?" Lábọ̀dé já apá rẹ̀ gbà.

"Ìyá sọ fún yín pé mi ò sí nílé," ó ní. "Mo wà nílé. Mo gbọ́ ohùn yín, mi ò ṣí i, torí oògùn burúkú tí mo kó pa mọ́ sínú kòtò."

Igbe ta. Prudence, ọmọ Ìyá Sidonie, bu erùpẹ̀ ibojì náà, ó dà á sí i lójú. Bienvenu kò yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ náà sì bà á pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti lọ bá àwọn ọlọ́pàá, Lábọ̀dé sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí kòtò náà fún wọn. Rodolphe ti sá kọjá ibodè. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rán Lábọ̀dé.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ohun gbogbo ti dára tán. Lábọ̀dé ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, ó ń bá Bienvenu ṣiṣẹ́. Ó lọ bẹ Táòfíkì. Táòfíkì ní òun ti gbọ́, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Prudence ṣì ń kọjá lára Lábọ̀dé láì wò ó. Huguette mú Sandra wá rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní bóyá òun yóò tún wá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Lábọ̀dé ṣì ń dá jẹun. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè, á sọ fún ọ pé òun kò dá wà mọ́, ojú rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí sí i.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Bóyá ìwọ náà kò fẹ́ ohun tí o wà nínú rẹ̀ yìí. Bóyá inú ilé tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n bí ọ sí, tàbí ọ̀rẹ́ ló fà ọ́ wọ̀ ọ́, tí o sì ti ń sọ pé o kò ní pẹ́. Ní ọjọ́ ìdájọ́, a kò ní bi ọ́ léèrè ẹni tó fà ọ́ wọlé. A ó bi ọ́ léèrè ìdí tí o kò fi jáde nígbà tí a pè ọ́.

Ìyá Sidonie gbèjà Lábọ̀dé nítorí pé kò mọ òtítọ́. Jésù mọ tìrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkàn rẹ, ó ń kànkùn. Kì í ṣe omi ló wá bù lọ́dọ̀ rẹ. Òun ló gbé omi wá. Má ṣe dákẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Níbi tí o jókòó sí yìí, la ẹnu rẹ, sọ fún un pé o wà níbẹ̀, pé o gbọ́, pé o ti ṣẹ̀. Ṣí i fún un lónìí.