Àkọ́tà Ọjà Igbó

Ọkùnrin tó wá so àwọn ẹ̀rọ géèmù wa pọ̀ mọ́ra kò ṣe Àmín. Lọ́jọ́ tí a ya ṣọ́ọ̀bù Ọjà Igbó sí mímọ́, a dárúkọ Jésù, gbogbo ilé ké "Àmín!" Ẹ̀mí sọ fún mi pé kí n la ojú. Ó pa ẹnu mọ́, ó tẹjú mọ́ Tẹniọlá, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ó ní ká máa pe òun ní Àlàmú. Ó mọṣẹ́. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ là ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀, èkejì, ti Ọjà Igbó yìí, wà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù á fi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yọ owó, á ṣí, fóònù Dúrósinmí ọkọ mi á sì dún níbi yòówù kó wà.

Ọkọ mi kì í fi àkọ́tà ṣeré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó ní kí Àlàmú bá òun kọ àdúrà náà sínú ẹ̀rọ, kí ẹni àkọ́tà lè máa rí i: "Ohun tí ẹ bá ń wá nínú ilé wa, ẹ ó rí i gbà."

"Bàbá Tẹni, ẹ ò fi orúkọ Jésù parí ẹ̀?"

"Ìyá Àdúrà! Àwọn Mùsùlùmí náà ń gbá géèmù o." Ó rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Ọjà Igbó ni fóònù ti ń dún. Àkọ́tà ti wọlé. Ọjà ń yá, inú ọkọ mi ń dùn. Ṣùgbọ́n Tẹniọlá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí fóònù bá ti dún báyìí, ìka rẹ̀ á máa tẹ ẹní lójú oorun, bí ẹni ń tẹ bọ́tìnnì.

"Káàdì ta ni?" mo béèrè.

Ọkọ mi wo fóònù, ó wò mí. "Kò gbé orúkọ wá."

A wọ ọkọ̀ ìdájí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo pọn ọmọ mi. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí a dúró sí ni fóònù ti dún. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ tutù, síbẹ̀ ẹ̀rọ kan tó wà ní igun ń tàn. Mo fọwọ́ kan àpótí ìjókòó iwájú rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Àdúrà ọkọ mi yọ lójú ẹ̀rọ: Ohun tí ẹ bá ń wá nínú ilé wa, ẹ ó rí i gbà.

"Àmín," ohùn ọkùnrin kan dáhùn jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yìn mi ló ti wá. Tẹniọlá nìkan ló wà lẹ́yìn mi.

A ti fọ́ ẹ̀rọ náà. Mo ń gbààwẹ̀, mo ń gbàdúrà lé ọmọ mi lórí. Ó ń ṣe Àmín, Àmín, títí n ó fi dé orúkọ Jésù. Níbẹ̀ ló máa ń pa ẹnu mọ́, tí á tẹjú mọ́ mi.